Ọdún Márùn-ún Pẹ̀lú Oògùn Jẹjẹrẹ Ọyàn

Alẹ́ àná ni mo lo hóró tó kẹ́yìn. Ọdún márùn-ún gbáko.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ́sítírójìn, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Wọ́n fún mi ní tamoxifen, mílígíráàmù 20 lójúmọ́, kó máa dí i lọ́nà. Ooru ló kọ́kọ́ dé. Lóru, á dà bíi pé wọ́n dáná sí mi láyà, á gun ọrùn dé ojú, ìró tí mo fi bora á sì rin gbingbin. Ẹnìkan ní kí n ra paroxetine, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fún un. Mo dúpẹ́ pé mo kọ́kọ́ bi dókítà: ó ní kì í jẹ́ kí tamoxifen ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní oṣù kẹsàn-án tí mo ti ń lò ó, mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá, mi ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì mi wú, ó gbóná, ó le gbagidi. Ẹ̀gbọ́n mi ti mú Aboniki dání: "Jẹ́ kí n bá ọ fi ra á, àárẹ̀ ọ̀nà ni." Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sọ sí mi lọ́kàn: "Màmá, bí ẹsẹ̀ kan bá wú tí èkejì ò wú, ẹ má fọwọ́ ra á o, ẹ máa bọ̀." Ọjọ́ yẹn gan-an la lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Ó lè já, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pani. Bí àyà bá ń dùn yín lójijì, tí èémí ò délẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la.

Wọ́n dá tamoxifen dúró, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì fún mi lóògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Nǹkan oṣù mi ti dá tipẹ́, torí náà wọ́n fún mi ní anastrozole, oògùn tó ń dín ẹ́sítírójìn kù lára, mílígíráàmù 1 lójúmọ́. Oríkèé àti egungun ni ìyẹn ń bá jà: láàárọ̀, ìka mi kì í lè ká mọ́ ife tíì. Ìrìn ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ ló ń tú mi lára. Wọ́n wọn bí egungun mi ṣe le tó, mo sì ń lo kálísíọ́ọ̀mù àti fítámì D.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí tamoxifen, bí nǹkan oṣù yín bá ti dá, tí ẹ wá rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara, ì báà jẹ́ ẹ̀kán kan, ẹ sọ fún dókítà, torí tamoxifen lè fa jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń rí nǹkan oṣù, ẹ má lóyún lórí tamoxifen, ẹ má sì fi oògùn tó ní họ́mọ́ọ̀nù dènà oyún.

Oṣù tó ń bọ̀ ni màmógíráàmù mi, ìyẹn yíya àwòrán ọyàn.