Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ríru Nígbà Tí Làkúrègbé Bá Wà Lára

Bí orúnkún bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro màmá mi lálẹ́, báàgì kékeré kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa ń fà jáde. Fún bí oṣù mẹ́rin, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn kọ̀, kò wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn jẹ. Dókítà ń fi oògùn kún oògùn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló wá sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ẹ jẹ́ n rí gbogbo ohun tí ẹ̀ ń lò, títí kan èyí tí ẹ ò kà sí oògùn." Inú báàgì yẹn ni a ti rí ohun tó ń gbé ìfúnpá wọn sókè.

Bí mo ṣe ń tọ́jú wọn láti ọjọ́ náà ni mo kọ síhìn-ín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú làkúrègbé tó jẹ́

Orúkọ kan ṣoṣo là ń pe oríṣiríṣi àìsàn. Orúnkún tó ti jẹ nítorí ọjọ́ orí yàtọ̀ sí rheumatoid arthritis, níbi tí àwọn ọmọ ogun inú ara ti kọjú ìjà sí oríkèé ara fúnra rẹ̀. Gout, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lóru láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, tún yàtọ̀ sí lupus, tó lè mú awọ, oríkèé àti kíndìnrín pọ̀. Ẹ bi dókítà yín léèrè orúkọ rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Níbi tí ara bá ti ń bá ara rẹ̀ jà, ìjà náà kì í mọ sí oríkèé; ó ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí EULAR, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn làkúrègbé nílẹ̀ Yúróòpù, fi ní kí dókítà sọ ewu àrùn ọkàn di ìlọ́po 1.5 tó bá ń ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó ní rheumatoid arthritis. Ní ti lupus, kíndìnrín ni kí ẹ máa ṣọ́. Tí ìtọ̀ bá ń hó bí omi ọṣẹ, tí ẹsẹ̀ tàbí ojú bá ń wú láàárọ̀, tí ìfúnpá sì ń gòkè, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò láìjáfara. Ẹni tó ní scleroderma, àìsàn tó ń mú awọ le gbagidi, kò gbọdọ̀ fi ìfúnpá tó ṣàdédé fò sókè sùn mọ́jú, torí kíndìnrín lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ da báàgì oògùn sórí tábìlì

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ: ti ilé ìwòsàn, ti kẹ́míìsì, èyí tí wọ́n pọ́n sínú bébà láìsí orúkọ, àgbo inú ike, àti èyí tí ẹ rà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ wá wo orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá. Páálí méjì lè ní orúkọ méjì, kó jẹ́ oògùn kan náà ló wà nínú wọn.

Ibuprofen, diclofenac, naproxen, indomethacin, piroxicam: ọmọ ìyá ni gbogbo wọn. Wọ́n ń pa ìrora lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tún ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú, ìfúnpá a sì gòkè. Wọ́n sì tún ń sọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril, ramipril, losartan àti oògùn tí ń mú ni tọ̀ di aláìlágbára. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ da amlodipine, tí òun náà jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, láàmú. Èyí tó burú jù ni kí mẹ́ta pàdé lára ẹnì kan: ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá yìí, lisinopril tàbí losartan, àti oògùn tí ń mú ni tọ̀. Tí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ bá wá ń ṣu gbuuru tàbí tó ń bì, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú báàgì màmá mi.

Prednisolone àti dexamethasone, tí wọ́n jẹ́ oògùn steroid, náà ń gbé ìfúnpá sókè. Àwọn kan tilẹ̀ ń lò wọ́n kí wọ́n lè sanra, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹni tó bá ti ń lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọdọ̀ já wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ara ti lè dáwọ́ ṣíṣe tirẹ̀ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín wọn kù. Bí àgbo tàbí àgúnmu làkúrègbé kan bá wá ń pa ìrora láàárín wákàtí kan bí ẹni pa iná, ẹ fura sí i. A ti bá diclofenac àti irú àwọn dexamethasone yìí nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, láìkọ ọ́ sára ike.

Leflunomide àti ciclosporin, tí wọ́n fi ń dá àwọn ọmọ ogun inú ara lẹ́kun, lè ru ẹ̀jẹ̀ sókè. Methotrexate, tí òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n sì ń lò lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, ò sí lára àwọn tí a mọ̀ pé ó ń ru ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi ìbẹ̀rù jù ú sílẹ̀. Bí ó bá ṣe ń káwọ́ àìsàn náà tó ni oògùn ìrora tí ẹ ó máa wá yóò ṣe dín kù tó. Ẹni tó ní gout, kí ó bi dókítà nípa hydrochlorothiazide, oògùn tí ń mú ni tọ̀ tó wà nínú Moduretic, torí ó ń mú kí ohun tó ń fa gout pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Losartan ní tirẹ̀ máa ń dín in kù díẹ̀.

Bí a ṣe ń wọn ìfúnpá nígbà tí ọwọ́ bá ń dunni

Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń dì mọ́ apá òkè. Èyí tí ènìyàn ń fi ọwọ́ fún kò dára fún ìka tó wú, èyí tí wọ́n ń dì mọ́ ọrùn ọwọ́ kò sì ṣeé fọkàn tán tó, pàápàá tí oríkèé ibẹ̀ bá ti wọ́. Apá tó tóbi nílò aṣọ ẹ̀rọ tó tóbi. Tó bá fún un jù, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ tọ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì tàbí pílò ní ìpele ọkàn. Tí igbọ̀nwọ́ kò bá nà tán, ẹ má fipá nà án. Ẹ lo apá kejì. Ẹ má sọ̀rọ̀, kódà bí fóònù bá ń dún.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, fún ọjọ́ 7. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ohun méjì kún un: bí ìrora ṣe pọ̀ tó láti 0 dé 10, àti oògùn ìrora tí ẹ lò lọ́jọ́ náà. Ìrora nìkan lè ti ìfúnpá sókè. Ìwé yìí ni dókítà yóò fi mọ̀ bóyá ìrora ni, bóyá oògùn ni, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru gidi ni.

Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ ro ìyókù pọ̀, nọ́ńbà òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n pín in. Tó bá jẹ́ 135/85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé, ẹ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tó bá ju 180/120 lọ, tí àyà ń dunni, tí mímí le, tí ojú ṣú, tí ẹnu wọ́ tàbí tí apá kan ò ṣeé gbé, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kí la ó wá fi pa ìrora?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè fi paracetamol rọ́pò. Kò gbọdọ̀ ju hóró 8 oní-500mg lọ láàárín wákàtí 24, kó má sì jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ó máa lò ó tó bẹ́ẹ̀, torí òun náà lè gbé ìfúnpá sókè díẹ̀. Ìpara diclofenac tí wọ́n ń fi ra orúnkún kì í wọnú ẹ̀jẹ̀ tó èyí tí wọ́n ń gbé mì. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, bíi ṣíbí tíì kan, kúùbù ọbẹ̀ náà wà nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ní lupus, tí ẹ sì ń retí oyún: ẹ sọ fún dókítà kí oyún tó dé. Lisinopril àti losartan kì í ṣe oògùn aláboyún, methotrexate náà kọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò wọn.