Ìdin oyin tó di ẹfun: bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n, àti ohun tí mo ń ṣe sí i

Káfíńtà ni mí ní Òtà Ẹfun, l'Óṣogbo. Àpótí oyin ni mo kọ́kọ́ ń kàn fún àwọn ẹlòmíì kí èmi náà tó gbé mẹ́sàn-án sí oko wa lójú ọ̀nà Ìlobùú, lábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́dún kan, kété tí wọ́n ṣe ọdún Ọ̀ṣun tán nínú oṣù kẹjọ, tí òjò wínníwínní àti òtútù kò jẹ́ ká gbádùn, mo rí nǹkan kéékèèké funfun níwájú àpótí kẹrin. Mo rò pé èérún pákó ni. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, ó le gan-an bí ẹfun. Ọmọ oyin ni.

Bí ẹ bá fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, chalkbrood ni kí ẹ tẹ̀. Ẹfun ni èmi ń pè é; ará Òtà Ẹfun ni mí, ẹ má bínú. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Ascosphaera apis ló ń fà á, ìbátan ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Irúgbìn rẹ̀, tí ojú lásán ò lè rí, máa ń bá oúnjẹ wọ inú ìdin. Inú ìfun ni yóò ti hù, yóò ya jáde láti ìdí, yóò bo ìdin náà bí òwú, ìyẹn yóò sì gbẹ. Ìdin ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló tètè ń kó o, pàápàá bí òtútù bá kàn án.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo síwájú àpótí lálẹ́, kí ẹ sì dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù kí èèrà tó kó ẹ̀rí lọ. Àwọn oyin fúnra wọn ló máa ń wọ́ òkú jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fín èéfín díẹ̀, ẹ gbé afárá tí ìdin wà nínú rẹ̀, ẹ rọra mì ín. Ẹ má dà á dùbúlẹ̀ o, afárá tiwa kò ní wáyà nínú, yóò já. Bó bá ń dún wọrọwọrọ, ẹfun ló wà níbẹ̀. Bí òkú ìdin bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, tó sì ń fà bí ewédú, àrùn mìíràn nìyẹn, bakitéríà ló ń fà á, ohun tí mo ń sọ níbí kò kàn án.

Ẹ kó ohun tí ẹ bá rí sórí páànù, ẹ ṣà á: funfun lọ́tọ̀, dúdú àti aláwọ̀ eérú lọ́tọ̀. Èmi rò pé dúdú kàn ni èyí tó ti pẹ́ jù. Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ló là mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó pẹ́ nìkan. Ìgbéyàwó ló ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀."

Ẹ̀yà méjì ni fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí ní. Ojú kan wà nínú jíìnì rẹ̀, ìyẹn àjogúnbá tó ń sọ ohun tí ẹ̀dá yóò jẹ́. Ohun tó bá wà lójú yẹn ló ń pinnu ẹ̀yà tó jẹ́. Bí ẹ̀yà kan náà bá fara kanra títí di ọ̀la, wọn ò ní so irúgbìn kankan. Ó dìgbà tí kìíní bá pàdé kejì. A mọ bí wọ́n ṣe ń ní kí àwọn àfẹ́sọ́nà lọ yẹ jẹnotáìpù wò. Ti eléyìí ni pé irú kan náà ni kò lè fẹ́ra. Bí wọ́n bá ti pàdé, àwọn àpò róbótó dúdú á yọ, irúgbìn á kún inú wọn, ẹ̀yà méjèèjì á sì wà nínú irúgbìn náà. Àwọn àpò yẹn ló ń sọ ẹfun di dúdú.

Nítorí náà, funfun tó jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo ti pa ìdin, àmọ́ kò bímọ. Dúdú ni ilé ìṣúra àrùn, irúgbìn rẹ̀ sì lè wà láàyè fún ọdún 15. Ẹ má kàn fọkàn balẹ̀ sí funfun, torí funfun òní lè dúdú lọ́túnla. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ẹ sun ún. Èmi ò mọ èyí nígbà yẹn: mo gé afárá kan nínú àpótí kẹrin, mo fi ran ìkeje tí kò lágbára lọ́wọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ìkeje náà bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹfun síta.

Oògùn bakitéríà kò lè ran fọ́ńgọ́ọ̀sì, ẹ má fi owó yín ṣòfò. Òtútù àti ọ̀rinrin ni kí ẹ bá jà. Àwọn àpótí mi àkọ́kọ́ tóbi jù, ẹ̀bi mi ni. Oyin díẹ̀ kò lè mú ilé ńlá gbóná. Mo fi pátákó dí ààyè tí wọn kò lò, mo gbé àpótí kúrò níbi tí omi ń rọ́ sí, mo jẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde. Afárá tó ti dúdú nítorí ogbó, iná ni mo jù ú sí. Àpótí tó ṣófo, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ ra inú rẹ̀ níná.

Lẹ́yìn èyí, àjogúnbá oyin fúnra rẹ̀ kù. Àwọn ìdílé oyin kan mọ́ tónítóní ju òmíràn lọ. Mo máa ń fi abẹ́rẹ́ gún 100 ìdin tí àwọn oyin ti fi ìda dé lórí, mo sì ń padà wá lọ́jọ́ kejì lákòókò kan náà. Ìdílé tó bá ti kó tó 95 jáde, òun ni mo ń mú ẹyin rẹ̀ fún àwọn tó dọ̀tí kí wọ́n fi tọ́ ayaba tuntun, lẹ́yìn tí mo bá ti mú ayaba wọn kúrò. Ayaba máa ń gba ọ̀pọ̀ akọ, nítorí náà ọmọ bàbá kan kọ́ ni gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ inú àpótí. Ẹ má retí pé kí gbogbo wọn mọ́ bákan náà.

Nosema tún wà, ìbátan fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń gbé inú ìfun oyin tó ti dàgbà. Ìyẹn kò ní ẹfun tí ẹ máa rí. Ẹ mú 30 oyin lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé wọn lọ síbi tí maikirosikópù wà. Irúgbìn rẹ̀ rí bí hóró ìrẹsì. Àmọ́ láti mọ̀ dájú bóyá Nosema apis ni tàbí Nosema ceranae, DNA ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, ojú nìkan kò tó.

Ẹ padà yẹ àpótí wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ìran ìdin tuntun bá ti jáde. Lóṣù tó kọjá, funfun méjì péré ni mo rí níwájú ìkẹrin, dúdú ò sí. Ìkeje ni mo ṣì ń ṣọ́.