Bí Táàgì àti Ìkànnì Ìtọ́jú Líǹkì Ṣe Lè Mú Àlejò Wá Sórí Ìkànnì Yín

Àwọn tó ń kọ̀wé sórí ìkànnì ayélujára sábà máa ń ṣe làálàá lórí àpilẹ̀kọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ táàgì, ìyẹn ọ̀rọ̀ ṣókí tí à ń so mọ́ àpilẹ̀kọ láti sọ ohun tó dá lé, wọn a kàn sáré to ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn a sì tẹ bọ́tìnì tó ń gbé e jáde. Bẹ́ẹ̀, táàgì yìí ni ẹni tó wá ka nǹkan kan fi ń rí èkejì, òun náà ló sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ àtijọ́ yín ṣì wà ní àrọ́wọ́tó lẹ́yìn tó ti kúrò lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí á fi ìkànnì oúnjẹ Yorùbá kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àpilẹ̀kọ orí rẹ̀ tó bí ọgọ́ta, tí ẹni tó ni ín sì ń lo WordPress, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ya ẹ̀ka sọ́tọ̀ kúrò lára táàgì. Ẹ̀ka ni ìpín ńlá tí àpilẹ̀kọ wà lábẹ́ rẹ̀, bí Ọbẹ̀, Òkèlè àti Ìpanu, kò sì yẹ kí ó pọ̀ rárá. Táàgì ní tirẹ̀ máa ń gba inú gbogbo ẹ̀ka kọjá: irú, ẹ̀wà, oúnjẹ àríyá. Àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀fọ́ rírò yóò wà ní ẹ̀ka Ọbẹ̀, táàgì rẹ̀ sì lè jẹ́ ṣọkọ yòkòtò, irú àti oúnjẹ àríyá. Mẹ́ta yìí tó. Gbogbo táàgì tí ẹ bá lò ni WordPress máa ń ṣí ojú-ewé tirẹ̀ fún, nítorí náà, táàgì tó wà lára àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo yóò mú àlejò lọ síbi tí kò ti ní bá ohunkóhun ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán lọ. Ìlànà tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ má ṣe dá táàgì kankan sílẹ̀ àyàfi tí ẹ bá ní àpilẹ̀kọ mẹ́ta, ó kéré tán, tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí à ń gbà kọ ọ̀rọ̀ ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù fún àwa tí à ń kọ Yorùbá. Bí ẹ bá kọ «ẹ̀fọ́ ṣọkọ» lónìí, tí ẹ kọ «ṣọkọ yòkòtò» lọ́la, tí ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ sì tún kọ «ṣọkọ» lásán, ẹ ti fọ́n ohun kan náà káàkiri ojú-ewé mẹ́ta. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé síbẹ̀ sì máa tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé yóò fẹnu ara rẹ̀ pè ni kí ẹ mú. Kò sẹ́ni tó ń wá «àṣà ìjẹun ìbílẹ̀» nígbà tí ebi bá ń pa á. Orúkọ táàgì lè ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, ó sì dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí abala Tags, kí ẹ fi lẹ́tà lásán kọ ohun tó wà nínú àpótí Slug, èyí tó máa ń wọ inú àdírẹ́sì ojú-ewé táàgì náà: soko-yokoto. Bí àmì bá wọ inú àdírẹ́sì, tí ènìyàn bá wá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó lè di ọ̀wọ́ gígùn tó kún fún % àti nọ́ńbà, ẹni tó gbà á yóò sì rò pé iṣẹ́ gbájúẹ̀ ni.

Àwọn táàgì kan tún wà tí ojú òǹkàwé kì í rí, inú kóòdù ojú-ewé ni wọ́n wà. Ọ̀kan nínú wọn, meta keywords, tó jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ fún ẹ̀rọ ìṣàwárí, kò wúlò mọ́ fún ìpò yín lórí Google, nítorí pé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 ni Google ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kì í lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó fún un, ẹ fi owó yín sápò. Èyí tó yẹ kí ẹ mójú tó ni Open Graph, tí Facebook gbé kalẹ̀ ní ọdún 2010: og:title, og:description àti og:image. Àwọn ni Facebook àti WhatsApp máa ń kà kí wọ́n tó gbé àwòrán àti àkọlé jáde lábẹ́ líǹkì. Yoast SEO, ìyẹn àfikún kan fún WordPress, àti irú rẹ̀ yóò bá yín kọ wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi líǹkì ránṣẹ́ sí ara yín. Bí ìkòkò ẹ̀fọ́ kò bá yọ, tó jẹ́ àmì ilé iṣẹ́ yín ló yọ, ẹ padà lọ tún og:image ṣe.

Ní ti ìkànnì ìtọ́jú líǹkì, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń fi líǹkì tó wù wọ́n pamọ́ ní gbangba kí ẹlòmíràn lè rí i ni. Delicious, tí Joshua Schachter dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ló sọ ọ́ di àṣà pé kí olúkúlùkù fi táàgì tirẹ̀ sí líǹkì tó tọ́jú. Yahoo rà á ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n kò sí mọ́. StumbleUpon kógbá wọlé ní ọdún 2018, Pocket náà sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2025. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe gbé gbogbo ìrètí yín lé ibì kan, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sì ṣe máa sá káàkiri gbogbo wọn. Fún ìkànnì oúnjẹ, Pinterest, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwòrán pẹ̀lú líǹkì rẹ̀, àti Reddit, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jíròrò ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Lórí Pinterest, àwòrán tó dúró lóòró ni kí ẹ lò, bí píksẹ́lì 1000 ní ìbú àti 1500 ní òró. Ẹ kọ àlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn tó já gaara, kí orúkọ oúnjẹ náà àti èròjà tó ṣe pàtàkì wà nínú rẹ̀. Líǹkì tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí àpilẹ̀kọ ẹ̀fọ́ rírò, kì í ṣe sí ojú-ewé àkọ́kọ́ tí àlejò yóò ti máa wá nǹkan kiri. Orúkọ bọ́ọ̀dù, ìyẹn àkójọ tí ẹ fi àwòrán náà sí, náà ṣe pàtàkì: «Ọbẹ̀ Yorùbá» dára ju «Ohun tí mo fẹ́ràn» lọ.

Reddit le díẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò gbé nǹkan sókè tàbí sílẹ̀, àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tiwọn. Ẹni tó jẹ́ pé líǹkì tirẹ̀ nìkan ló ń gbé síbẹ̀ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́. Ká sọ pé ẹnì kan ní London béèrè nínú ẹgbẹ́ r/Nigeria pé kí ni òun lè lò nígbà tí kò sí ṣọkọ. Ẹ dá a lóhùn pátápátá níbẹ̀: kí ó ra spinach, kí ó fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, kí ó fún omi ara rẹ̀ dànù dáadáa kí ọbẹ̀ má bàa ṣàn, kí ó sì dà á sínú ata nígbà tí epo bá ti yọ sókè. Lẹ́yìn èyí ni ẹ lè fi líǹkì sí i, bí òfin ibẹ̀ bá gbà yín láyè. Ẹ má ṣe ṣí àkáǹtì mìíràn láti fi dìbò fún ara yín. Wọ́n lè tìtorí rẹ̀ lé yín kúrò.

Ẹ óò pàdé àwọn tó ń polówó pé àwọn yóò gbé líǹkì yín sórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì ìtọ́jú líǹkì kí Google lè gbé yín sókè. Ẹ má dá wọn lóhùn. Púpọ̀ nínú líǹkì irú ibẹ̀ ló ní àmì nofollow, tó ti wà láti ọdún 2005, tí wọ́n fi ń sọ fún ẹ̀rọ ìṣàwárí pé kí ó má ka líǹkì náà sí ẹ̀rí. Google tilẹ̀ dárúkọ líǹkì láti ìkànnì ìtọ́jú líǹkì tí kò nílàárí mọ́ ohun tí òfin rẹ̀ lòdì sí. Àwọn ènìyàn tó tẹ líǹkì náà gan-an ni èrè tó wà níbẹ̀.

Láti mọ ibi tí wọ́n ti wá, ẹ so ?utm_source=pinterest&utm_medium=social, tó ń sọ ibi tí àlejò ti wá, mọ́ ìdí líǹkì tí ẹ gbé síbẹ̀, kí ẹ sì wo Google Analytics, ìyẹn ètò tó ń ka àlejò ìkànnì, lẹ́yìn oṣù kan. Ẹ má ṣe wo iye àlejò nìkan. Ẹ wo àwọn tó ka àpilẹ̀kọ kejì, nítorí àwọn ni táàgì ṣiṣẹ́ fún. Táàgì tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, ẹ da àpilẹ̀kọ abẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó sún mọ́ ọn jù, kí ẹ sì darí àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun kí ẹ tó pa á rẹ́, torí pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tọ́jú líǹkì rẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù tirẹ̀.