Bí A Ṣe Ń Ṣètò Fọ́tò Àfihàn Ọmọ Àṣekágbá Kó Lè Mú Oníbàárà Wá

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti wọ ọdún àṣekágbá ní yunifásítì kì í fi ọ̀rọ̀ fọ́tò ṣeré. Kó tó jáde, á ya ti ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka wọn, á ya ti dínà, á ya ti ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn tí wọ́n máa ń fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sí ara wọn lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á tún wá ya ti ìgboyè. Ayafọ́tò tí kíláàsì bá ti mọ orúkọ ẹ̀ ló sábà máa ń kó gbogbo ẹ̀. Bí orúkọ yín ò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ṣètò fọ́tò àfihàn kan fúnra yín, tí ẹnikẹ́ni ò sanwó ẹ̀: ẹ wá ẹni tí ẹ máa yà, ẹ wá aṣọ, mékọ́ọ̀pù àti ibi tó dáa, kí ẹ ya á bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa sanwó fún un, kí ẹ wá gbé e síta. Ẹni tó ti mọ kámẹ́rà ẹ̀ lò ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìbàdàn ni mo sì máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ẹ fẹ́ tà ni kí ẹ yà. Tó bá jẹ́ ọmọ iléèwé ni ẹ fẹ́ kó wá, kí lẹ fẹ́ fi gáùn ìyàwó àti èéfín aláràbarà ṣe? Ó máa rẹwà o, wọ́n á tẹ ọkàn pupa sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa béèrè iye ẹ̀, torí wọn ò rí ara wọn nínú ẹ̀. Aṣọ mẹ́ta ti tó: kóòtù, aṣọ òkè tàbí àdìrẹ, àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ẹ jẹ́ kí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn gbẹ̀yìn. Yíǹkì á kan ọwọ́ ẹ̀, bó bá sì ti kan ọwọ́, ó ń bọ̀ wá kan aṣọ òkè ẹni ẹlẹ́ni nìyẹn.

Ìgbà wo ni kí ẹ ṣe é? Kó ku bí oṣù méjì kí ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá owó ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka wọn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé kàlẹ́ńdà tí iléèwé tẹ̀ jáde. Lọ́dún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, gbogbo kàlẹ́ńdà sì dojú rú. Kọ̀ọ́sì rẹ́ẹ̀pù, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣojú kíláàsì, ni kí ẹ bi, òun ló mọ ọjọ́ tí nǹkan máa ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ní ti ẹni tí ẹ máa yà, ẹ má wulẹ̀ wá arẹwà tó ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú kíláàsì ni kí ẹ wá, ẹni tí gbogbo èèyàn máa wo sítátọ́ọ̀sì ẹ̀ tí wọ́n á sì bi í pé "ta ló ya èyí fún ẹ?" Èèyàn méjì ni mo máa ń mú: ọ̀kan dúdú dáadáa, ọ̀kan pupa, kí ọ̀kan nínú wọn sì sanra díẹ̀. Ẹni tó dúdú ń fẹ́ rí i bóyá ẹ mọ ẹni dúdú yà. Kò ní sọ fún yín, ṣùgbọ́n ohun tó ń wò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àdéhùn ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ètò ti máa ń fọ́. Gbogbo ẹni tó ń bọ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bọ̀: oníméékọ́ọ̀pù, onídìrí, ẹni tó ń wé gèlè, télọ̀ tó yá yín láṣọ, àti ọmọ tí ẹ fẹ́ yà. Torí pé owó ò kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, gbogbo wọn á ní "a ti jọ mọra, kò sí wàhálà." Ẹ dúró dìgbà tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá. Oníméékọ́ọ̀pù á ní gbogbo fọ́tò tí ẹ yà lòun fẹ́, tó fi mọ́ èyí tí ojú ti dì. Télọ̀ á ní ẹ ò ya ìsàlẹ̀ aṣọ òun, ojú nìkan lẹ yà. Onídìrí á bi yín pé irun òun dà.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ẹ kó wọn sínú gúrúùpù WhatsApp kan, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: iye fọ́tò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà, ọjọ́ tó máa gbà á, ọjọ́ tí gbogbo yín jọ máa gbé e síta, orúkọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sábẹ́ ẹ̀, ẹni tó máa san owó ọkọ̀, ẹni tó máa san án tí aṣọ bá ya. Kí oníkálukú fi ọ̀rọ̀ dáhùn pé òun gbà. Mi ò ka àtàǹpàkò tí wọ́n ń tẹ̀ yẹn sí ìdáhùn. Fọ́tò mẹ́wàá lèmi máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ méje, èyí tí mo ti tún ṣe tán. Èyí tí a ò tíì fọwọ́ kàn kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ní tìtorí ìyẹn lòun ò fi ní wá, kó jókòó sílé ẹ̀.

Ẹ sì béèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò fún ọjà tiẹ̀. Onídìrí ò nílò ẹ̀rín ọmọ yẹn, ẹ̀yìn orí ló nílò. Ọdún 1968 ni ayafọ́tò J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà, ẹ̀yìn orí ló sì ya nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn wọn tó ń gba ojú mọ́ irun náà lọ́wọ́. Ẹ ya irú ẹ̀ méjì péré fún onídìrí, ẹ ó rí i pé òun ni yóò máa júwe yín fún èèyàn.

Ẹ ṣọ́ra fún fóònù. Ẹ máa fi ẹ̀yìn kámẹ́rà han ọmọ náà kó lè rí bó ṣe rí, á rẹ́rìn-ín, á ní "ẹ dúró ná," á sì fi fóònù ya ojú gíláàsì kámẹ́rà yín. Kí ẹ tó délé, fọ́tò tí kò tíì parí, tí oòrùn ń dán lójú gíláàsì ẹ̀, tí èékánná àtàǹpàkò yín hàn létí ẹ̀, ti wà lórí sítátọ́ọ̀sì, orúkọ yín sì wà lábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà. Ẹ ò lè bínú tán. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń sọ ọ́ ṣáájú pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo sì máa ń fún wọn ní nǹkan dípò ẹ̀: ẹnì kan á máa fi fóònù ká fídíò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ fún gbogbo wọn, èmi náà á sì fi áàpù Snapseed tún fọ́tò kan ṣoṣo ṣe lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí wọ́n rí nǹkan gbé síta. Ọ̀fẹ́ ni Snapseed, ó sì tó fún fọ́tò kan.

Ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ yà, kó kọ ọ́ pé òun gbà kí ẹ fi fọ́tò òun polówó. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023, ẹni tó bá sì ti yọ̀ǹda lè padà ní òun ò fẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ SS3 ni ẹ fẹ́ yà, tí kò tíì pé ọdún 18, òbí ni kó fọwọ́ sí i, kí òbí kan sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò kì í ya ọmọ ọlọ́mọ láìsí ìyá tàbí bàbá ẹ̀ nítòsí.

Ibi tí ẹ máa lò kò le. Nínú Yunifásítì Ìbàdàn (UI), àwọn ilé tí àwọn ayàwòrán-ilé Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn ní ògiri oníhò-oníhò, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì máa ń gba inú ihò wọ̀nyẹn ju ọnà sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò nílò ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn. Àwọn òpó ńláńlá gbọ̀ngàn Mápó dára fún aṣọ òkè. Ẹ kàn gba àṣẹ ṣáájú ni, kí ẹ̀ṣọ́ má bàa wá lé yín nígbà tí gèlè ti wé tán. Ẹ má dúró sábẹ́ igi máńgòrò torí pé ibòòji wà níbẹ̀. Ewé máa ń tan àwọ̀ ara ẹ̀ sójú èèyàn, ẹ ó sì jókòó ti kọ̀ǹpútà títí tí ẹ máa fi yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn fóònù, ago lọ̀tá kejì. Ní Ìbàdàn, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín bíi agogo 6:30 sí bíi agogo 7:00, ó kù sọ́wọ́ oṣù tí a wà. Tó bá sì ti wọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, kì í pẹ́ tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìmọ́lẹ̀ tí mo fẹ́ ni ti agogo 4:30 sí 6:15. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ago bọ̀. Ojú kan pẹ̀lú gèlè á gbà tó wákàtí méjì. Oníméékọ́ọ̀pù á sọ pé wákàtí kan ni, ẹ má dá a lóhùn. Ojú méjì, wákàtí mẹ́rin. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ìrìn. Ó túmọ̀ sí pé agogo 12:00 ni ẹni àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti wà lórí àga. Agogo 11:00 ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn. Irọ́ ni, mo sì ń pa á láìbẹ̀rù.

Ẹ ṣe mékọ́ọ̀pù nítòsí ibi tí ẹ ti máa yafọ́tò. Ẹni tó bá ń kunjú ní àdúgbò Challenge lọ́jọ́ Fúráìdé, tó sì fẹ́ yafọ́tò ní UI, á fi ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó kun ètè, kó má sì jẹ́ oúnjẹ elépo. Kí ọmọ náà tó dìde lórí àga, ẹ fi fíláàṣì fóònù ya ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àtíkè kan wà tí ojú lásán ò ní rí nǹkan kan tó ṣe wọ́n, fíláàṣì á sì sọ abẹ́ ojú àti iwájú orí di funfun bí ẹfun. Orí àga ni kí wọ́n ti nù ún.

Yíyà gan-an, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́ǹsì 85mm ni mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n 50mm f/1.8 tí kò wọ́n yẹn á ṣe é. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá sọ ojú ọmọ dúdú di òkùnkùn. Ojú ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ má fi aṣọ wọ̀n ọ́n. Ẹ má ra ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí dára jù ú lọ, kì í dán jù, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n. Ẹ mú pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ dání, òun lẹ máa fi fún kóòtù tó bá tóbi jù láti ẹ̀yìn.

Fọ́tò méjìlá ni kí ẹ gbé síta, kí ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó má bàa fún un pọ̀ kó ba dídán ẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ iye owó yín sábẹ́ ẹ̀ kedere. Ọmọ iléèwé tí ẹ bá ní kó wá béèrè ní kọ̀rọ̀ á rò pé owó náà ti ju agbára òun lọ, kò sì ní béèrè. Ẹ to ọjọ́ tó ṣófo lọ́wọ́ yín sábẹ́ iye náà, kí kọ̀ọ́sì rẹ́ẹ̀pù sì bá yín gbé e sínú gúrúùpù kíláàsì. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti san àsansílẹ̀, ẹ fagi lé ọjọ́ tó mú lójú gbogbo wọn.