Ìfúnpá Inú Ojú: Bí Glaucoma Ṣe Ń Ba Iṣan Ìríran Jẹ́

Omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Inú ojú fúnra rẹ̀ ló ń sun ún, tọ̀sán-tòru. Ó ń bọ́ iwájú ẹyinjú, lẹ́yìn náà ó ń gba ojú ihò tín-ín-tín létí ibi dúdú ojú ṣàn padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ihò yìí bá ń dí, omi kò ní tìtorí rẹ̀ ṣíwọ́ sísun. Yóò kún, yóò máa ti ẹyinjú láti inú. Ìfúnpá ojú nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, òṣùwọ̀n rẹ̀ máa ń wà láàárín 10 sí 21 mmHg, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá.

Ẹ̀yìn ojú ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Iṣan ìríran, tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ, ní fọ́nrán tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1. Wọ́n ń kó ara wọn jọ ní ìdì-ìdì, wọ́n sì ń gba inú awọ kan tó rí bí ajọ̀ jáde. Ajọ̀ yìí kò le tó ìyókù ògiri ẹyinjú. Bí ìfúnpá bá ń tì í, á tẹ̀ sẹ́yìn, ihò rẹ̀ á wọ́, á sì fún àwọn fọ́nrán náà lọ́rùn. Ohun tó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ nínú wọn á há, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ wọn á dínkù, wọn á máa kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá kú kì í hù mọ́.

Àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́ báyìí là ń pè ní glaucoma. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kì í sábà dun ẹni tó ń ṣe. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń jẹ, ojú kejì á sì máa bo àṣìírí. Ẹni náà ṣì ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbá férémù ilẹ̀kùn. Ará ilé á ní kò fara balẹ̀ ni.

Ẹ má dúró de ìrora. Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún, pàápàá ènìyàn dúdú, tàbí ẹni tí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ní in, kó lọ yẹ ojú wò. Kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú pẹ̀lú, torí iṣan àwọn kan ń bàjẹ́ bí ìfúnpá wọn tilẹ̀ wà ní ìwọ̀n. Ẹ yé fi oògùn ojú tó ní steroid, èròjà tí wọ́n fi ń pa ojú pípọ́n àti wíwú, tọ́jú ara yín. Ó lè gbé ìfúnpá sókè.

Bí ojú bá ṣàdédé ń ro yín gan-an, tó pọ́n, tí èébì ń gbé yín, tí ẹ ń rí òṣùmàrè yí iná ká, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn.

Oògùn kíkán, iná lésà àti iṣẹ́ abẹ ń dín ìfúnpá kù. Bí ẹ bá kán oògùn tán, ẹ di ojú, ẹ fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú 2. Bó bá jẹ́ oríṣi méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sáàárín. Ẹ má dá a dúró torí pé ìríran yín kò mọ́lẹ̀ sí i. Fọ́nrán tó ṣẹ́ kù ló ń ṣọ́.