Bí a ṣe ń ka àkókò ìbéèrè nínú psql láìṣìnà

Kò sóhun tó ṣòro nínú kí psql, ètò tí a fi ń tẹ àṣẹ sí dátábéèsì PostgreSQL, sọ iye àkókò tí ìbéèrè gbà. Kíkà rẹ̀ ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tó jókòó sí Adó-Èkìtì, tí dátábéèsì rẹ̀ wà lórí sáfà ní òkè òkun, lè máa tún ìbéèrè kan náà kọ láti àárọ̀ di alẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni kò jẹ́ kí èsì tètè dé.

Ẹ wọ inú psql, kí ẹ tẹ:

\timing on

Ẹ má fi ; sí ìparí rẹ̀. Àṣẹ tó bá fi \ bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe SQL (èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀), "on;" ni psql máa rí, kò sì ní gbà á. Bó bá jẹ́ inú fáìlì lẹ ń kọ ọ́ sí, ẹ má kọ \timing lásán. Láìsí on tàbí off, ńṣe ló máa ń yí ipò tó bá a padà: bó bá ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, ẹ ti pa á nìyẹn, ẹ ó wá máa wá Time, ìlà tí psql fi ń sọ àkókò, tì.

Ká ní ẹ ní téébù kan tó ń jẹ́ isu, tí ẹ kó iye isu tí wọ́n ń tà lọ́jà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà l'Ékìtì sí:

SELECT oja, sum(iye) FROM isu GROUP BY oja;
Time: 83654.321 ms (01:23.654)

Mílísẹ́kọ́ǹdù ni nọ́ńbà àkọ́kọ́. 1,000 rẹ̀ ló jẹ́ sẹ́kọ́ǹdù kan. Ti inú àkámọ́ ni kí ẹ máa kà: ìṣẹ́jú 1, sẹ́kọ́ǹdù 23 àti díẹ̀. Àkámọ́ yìí kì í yọ bí ìbéèrè kò bá tó sẹ́kọ́ǹdù kan. Bó bá pé wákàtí kan, wákàtí á wọlé síwájú ìṣẹ́jú. Bó bá pé ọjọ́ kan, ẹ ó rí d. Láti psql 10 ló ti wà. Bí tiyín kò bá ní i, psql orí kọ̀ǹpútà yín ló ti pẹ́, òun lẹ máa pààrọ̀, kì í ṣe sáfà.

Kó lè máa tàn fúnra rẹ̀, ẹ kọ \timing on sínú fáìlì ~/.psqlrc. Lórí Windows, %APPDATA%\postgresql\psqlrc.conf ni fáìlì náà. Ẹni tó bá fi psql -X wọlé kò ní rí i, nítorí -X kì í ka fáìlì yẹn rárá.

Ó wá ku ibi tó le. Ọwọ́ psql ni aago wà, kò sí lọ́wọ́ sáfà. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ ra isu l'Ọ́jà Ọba, ìgbà tó kúrò nílé lẹ ti ń kà títí ó fi gbẹ́rù dé, kì í ṣe ìgbà tí ìyá ọlọ́jà fi ń ka isu fún un nìkan. Bí Time ṣe rí nìyẹn: àlọ, iṣẹ́ sáfà, àbọ̀, àti ẹrù tó gbé bọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn ojú ọ̀nà:

SELECT 1;
Time: 182.406 ms

Ẹ ṣe é bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. SELECT 1 kò níṣẹ́ kankan nínú, ojú ọ̀nà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo 182 yẹn. Kò sí índẹ́ẹ̀sì (atọ́ka tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí ìlà) tó lè dín in kù. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ sáfà fúnra rẹ̀:

EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS) SELECT * FROM isu;

Ẹ wo Execution Time nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ 61 ms, tí SELECT * gan-an sì gba 1240 ms, ẹrù ló pọ̀ jù: ẹ dín ìlà tí ẹ ń kó wálé kù. EXPLAIN ANALYZE kì í kó ìlà wálé, àmọ́ ó máa ń ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Bó bá jẹ́ DELETE tàbí UPDATE, ẹ fi BEGIN; ṣáájú, kí ẹ fi ROLLBACK; (èyí tó ń dá ohun gbogbo padà) tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ dátà yín á lọ. Ẹ wo read àti shared hit níbẹ̀ pẹ̀lú: hit ni ohun tó ti wà nínú mẹ́mọ́rì PostgreSQL, read ni ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ gbé wọlé. Ìdí nìyẹn tí ìgbà kejì fi máa ń yá ju ìgbà àkọ́kọ́ lọ, láìjẹ́ pé ẹ tún ohunkóhun ṣe.

Ẹni tó bá ń lo pg_stat_statements (àfikún PostgreSQL tó ń ṣàkọsílẹ̀ àkókò tí àwọn ìbéèrè gbà) máa rí mílísẹ́kọ́ǹdù tó gùn rẹpẹtẹ. Èyí á mú un rọrùn lójú:

SELECT calls, round(mean_exec_time::numeric, 2) AS mili, make_interval(secs => total_exec_time/1000) AS apapo, left(query, 40) FROM pg_stat_statements ORDER BY total_exec_time DESC LIMIT 10;

Bí ẹ bá yọ ::numeric kúrò, á sọ pé irú round bẹ́ẹ̀ kò sí. Ṣáájú PostgreSQL 13, mean_time àti total_time ni orúkọ wọn.

Bí ẹ bá fi \o darí èsì sínú fáìlì, Time kò ní bá a lọ, ojú tẹ́míná ló máa dúró sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí méjèèjì wà pọ̀, ẹ kọ \timing on sí òkè fáìlì SQL yín, kí ẹ wá ṣe é báyìí:

psql -X -f ise.sql > esi.txt