Bí A Ṣe Ṣètò Mísà Ìsìnkú Màmá Wa

Déètì la kọ́kọ́ lọ gbà. Kí ẹbí tó san owó pósí tàbí tẹ ìwé ìpè, a ti lọ rí Fáda ní ọ́fíìsì páríìṣì n'Íbàdàn, torí pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni Ìjọ Àgùdà (Kátólíìkì) máa ń ṣe Mísà òkú, ìyẹn ìsìn ìsìnkú tí wọ́n ti ń gba Ara Kristi (búrẹ́dì mímọ́). Wọn kì í ṣe é lọ́jọ́ Àìkú àsìkò Ádífẹ́ǹtì (ìmúrasílẹ̀ fún Kérésìmesì), ti Lẹ́ńtì (ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde) àti ti Àjíǹde, tàbí láti Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ títí di ọjọ́ Àjíǹde, tàbí lọ́jọ́ àjọ̀dún ńlá tó jẹ́ ọ̀ranyàn láti wá sí Mísà. Bí ìsìnkú bá bọ́ sírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Bíbélì kíkà àti àdúrà nìkan ni yóò wáyé.

Wọ́n béèrè káàdì ìrìbọmi Màmá àti ìwé ẹ̀rí ikú. Gbèsè owó ẹgbẹ́ àti ti ìkórè ló sábà máa ń dá ẹbí dúró níbí, ẹ tètè béèrè iye rẹ̀. Ọ̀yọ́ la ti fẹ́ sin Màmá, dáyósíìsì Ọ̀yọ́ (àgbègbè ìjọ tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan) sì yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, nítorí náà Fáda kọ lẹ́tà fún páríìṣì ọ̀hún. Láìsí lẹ́tà yẹn, wọn ò ní mọ̀ bóyá ọmọ ìjọ ni òkú.

Bíbélì kíkà ni mo fara balẹ̀ sí jù. A mú Ìwé Ọgbọ́n 3:1-9, Orin Dáfídì 23, Róòmù 6:3-9 àti Jòhánù 14:1-6. Bíbélì tó wà nílé ọ̀pọ̀ ẹbí wa kò ní Ìwé Ọgbọ́n. Ẹni tó fẹ́ kà á yóò ṣí i títí, kò ní rí i. Ọ̀dọ̀ Katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìjọ, la ti rí i, a sì tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá sórí ìwé lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ àsìkò Àjíǹde, inú Májẹ̀mú Tuntun ni kíkà àkọ́kọ́ ti máa wá. Fáda yẹ ìwé ìsìn wò kó tó dé ilé ìtẹ̀wé.

Kí wọ́n tó gbé òkú dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti pósí pa. Fáda yóò wọ́n omi mímọ́ sí i lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò sì fi aṣọ funfun bò ó. Ẹsẹ̀ òkú ló ń kọjú sí pẹpẹ. Òkú àlùfáà nìkan ni orí tirẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Pósí onígun mẹ́rin kì í jẹ́ kéèyàn mọ orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ bí wọ́n bá ti dè é, ẹ lẹ tépù kékeré mọ́ ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ ní mọ́ṣúárì.

Kò sí ìyìn òkú nínú ìwàásù. Àdúrà fún ẹ̀mí Màmá ló gbé wa wá síbẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ la kà níbi àìsùn òkú. Lẹ́yìn àdúrà tó tẹ̀lé gbígba Ara Kristi, Fáda lè fún ọmọ kan láyè láti sọ̀rọ̀ ráńpẹ́: ojú ewé kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ìdílé Yorùbá, Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ mìíràn á pọ̀ nínú èrò. Tí ẹnikẹ́ni ò bá kéde, gbogbo wọn á tò lọ gba Ara Kristi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. A kọ gbólóhùn kan sínú ìwé ìsìn pé àwọn Kátólíìkì tó ti múra sílẹ̀ nìkan ló wà fún, a sì ní kí Katikíìsì kéde rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí awakọ̀ òkú bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè nígbà tí Fáda ń fín tùràrí yí pósí ká; ìdágbére ìkẹyìn nìyẹn, Mísà kò tíì parí. Ní ti sàréè, ẹ wọn pósí pẹ̀lú ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ yẹn ló máa ń há sẹ́nu ihò.

Mísà ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú náà, ọjọ́ tí a gba déètì la ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí ìwé Mísà tètè ń kún.